Kí Dísìkì Tó Kú: Bí A Ṣe Ra Láptọ́ọ̀pù fún Olùkọ́ Kan ní Abẹ́òkúta

Ìyá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn ti fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, Ìbàrà ní Abẹ́òkúta ló ń gbé. Kì í ṣe iṣẹ́ ńlá ló ń fi kọ̀ǹpútà ṣe. Òun ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn: ó ń tẹ àkọsílẹ̀ ìpàdé, ó ń ṣírò owó àjọ, ó ń to àwòrán àwọn ọmọọmọ rẹ̀ sí fódà, bó bá sì di ọjọ́ Àìkú, á bá àwọn tó wà lókè òkun sọ̀rọ̀ lójú fídíò. Láptọ́ọ̀pù tó ń lò ti pé ọdún mọ́kànlá. Wọ́n ní ẹ̀rọ náà ti ń wọ́, pé bí wọ́n bá tàn án láàárọ̀, Màmá á ti fọ abọ́ tán kó tó ṣí, pé ó sì ti ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ lábẹ́ ọwọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Manchester ti fi ₦350,000 ránṣẹ́. Kí n bá wọn wá òmíràn tí owó náà á ká, iṣẹ́ tí wọ́n fún mi nìyẹn.

Àtúnṣe kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi. Kò sí ẹni tó gbé irú ọ̀rọ̀ yìí wá tí n kì í kọ́kọ́ bi pé: kí ló wà nínú èyí tó ń kú lọ yìí tí kò sí níbòmíràn?

"Kò sí nǹkan gidi níbẹ̀, ọmọ mi," Màmá dáhùn. "Àwòrán ni, àti ìwé ìpàdé." Ó ronú díẹ̀. "Àfi ohùn ìyá wa."

Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń pè bẹ́ẹ̀. Ní 2012, nígbà tí ìyá àgbà náà ṣì lè jókòó dáadáa, Màmá gbé fóònù kékeré kan síwájú wọn, ó ní kí wọ́n ki àwọn ọmọ ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì ki oríkì orílẹ̀ wọn. Wọ́n kì í. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí wọ́n papò dà. Ẹnì kan nínú ilé kó àwọn ohùn náà láti orí fóònù sórí láptọ́ọ̀pù, fóònù fúnra rẹ̀ sì ti sọnù tipẹ́. Inú dísìkì tó ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ yìí nìkan ni ohùn ìyá àgbà kù sí.

Mo ní kí wọ́n pa ẹ̀rọ náà lójú ẹsẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì tàn án mọ́. Ọ̀rọ̀ ríra láptọ́ọ̀pù lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ tàbí oṣù tó ń bọ̀. Dísìkì tó ti ń dún kò lè dúró.

Irú dísìkì tó wà nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́ ní àwo pẹlẹbẹ tó sábà máa ń yí ní ìgbà 5,400 láàárín ìṣẹ́jú kan. Orí tín-ínrín kan ló ń rìn lókè àwo yẹn láti kà á, kò sì gbọ́dọ̀ fara kàn án. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ohun tó sábà máa ń fà á ni pé orí yẹn ń wá ojú ibi tó yẹ kó kà, kò rí i, ó padà, ó tún lọ. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá tún tàn án lè jẹ́ ìgbà ìkẹyìn rẹ̀.

Ẹnjiníà kan ládùúgbò ti ní kí wọ́n gbé e wá kí òun fọ́ọ̀máàtì rẹ̀, kí òun fi Windows míì sí i, pé á yá. Ìwà yìí máa ń dùn mí gan-an, nítorí ó wọ́pọ̀ káàkiri. Òótọ́ ni pé ẹ̀rọ tó falẹ̀ lè yá bí wọ́n bá fọ́ọ̀máàtì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí dísìkì fúnra rẹ̀ bá ń bàjẹ́, Windows tuntun tí wọ́n ń tẹ̀ sórí rẹ̀ yóò bo ohun tí wọ́n ń wá mọ́lẹ̀, yóò sì fi iṣẹ́ àṣekára pa á pátápátá. Chkdsk, irinṣẹ́ Windows tó ń yẹ dísìkì wò, tí àwọn míì máa ń sáré lù, kò sàn jù ú lọ. Ẹ̀rọ tó lera ni wọ́n ṣe ìyẹn fún. Lórí dísìkì tó ń kú, ṣe ló máa ń fi ipá kà á látòkèdélẹ̀, ó sì lè gé fáìlì tó ṣì ṣeé gbà là sọ nù lórúkọ àtúnṣe. Ẹnikẹ́ni tó bá gba kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ yín tí kò bi yín nípa fáìlì kó tó fọwọ́ kàn án, ẹ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀.

Nítorí náà, ohun tí a kọ́kọ́ fi owó Manchester rà ni dísìkì àfiso tuntun tó gba 1TB, ₦80,000. Màmá kò fẹ́ bẹ́ẹ̀. "Ṣé kì í ṣe láptọ́ọ̀pù la fẹ́ rà ni? Ẹ ti ná ọgọ́rin ẹgbẹ̀rún, ẹ̀rọ ò tíì sí nílẹ̀!" Mo ṣàlàyé fún wọn pé bí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lọ́la, a ó padà sọ́jà, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí wọ́n ti ń ta ohùn ìyá wọn. Wọ́n gbà.

Mo tú ìdí láptọ́ọ̀pù àtijọ́, mo yọ dísìkì 500GB inú rẹ̀, mo sì fi okùn USB so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tèmi tó ń lo Linux dípò Windows. CrystalDiskInfo, tó ń fi ìlera dísìkì hàn lórí Windows, ti kọ́kọ́ fi àwọ̀ yẹ́lò kọ "Caution" sí i: ọ̀pọ̀ ojú ibi ló wà tí dísìkì ti gbìyànjú láti kà tí kò rí kà. Irinṣẹ́ tí mo lò ni ddrescue, ọ̀fẹ́ ni. Ọgbọ́n inú rẹ̀ ni pé kì í bá ibi tó bàjẹ́ jà lákọ̀ọ́kọ́. Ibi tó rọrùn ló máa ń kọ́kọ́ kó. Bó bá kan ibi líle, á fò ó, á sì kọ ibi tó fò sílẹ̀. Ìgbà tó bá kó èyí tó dára tán ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ń padà lọ bá ìyókù, díẹ̀díẹ̀. Bí iná bá lọ láàárín, á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé, nítorí àkọsílẹ̀ yẹn wà. Ní ìlú tí NEPA wà, ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Orí ẹ̀dà odidi dísìkì tó ṣe yìí ni mo ti wá àwọn fáìlì jáde, n kò tún padà sórí dísìkì àìsàn náà.

Ohun tó jáde tó 88GB. Àwòrán àti fídíò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìwé ìfẹ̀yìntì Màmá wà níbẹ̀, àti sọ́fè ilẹ̀ wọn tí wọ́n ti yà sínú kọ̀ǹpútà. Fáìlì ohùn mẹ́ta la rí, irú èyí tí àwọn fóònù kékeré máa ń ṣe tí orúkọ rẹ̀ ń parí sí .amr. Méjì pé pérépéré. Ẹ̀kẹta ń lọ dáadáa títí ó fi kù díẹ̀ kó parí, ibẹ̀ ló wá já: ojú ibi tó bàjẹ́ lórí àwo náà ni ìparí rẹ̀ bọ́ sí, bí a sì ti padà sí i tó, kò ṣeé kà. Nígbà tí mo fi èyí tó pé àkọ́kọ́ lu fún wọn, tí ohùn ìyá àgbà jáde, "Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí", Màmá dìde dúró, wọ́n sì ń dáhùn lórí ìdúró bí ẹni pé ìyá ọkọ wọn ń kì wọ́n nínú yàrá náà. Mo ṣe ẹ̀dà MP3 fún wọn kó lè rọrùn láti gbọ́ lórí fóònù tòde òní, mo sì fi .amr náà sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí òun ni ojúlówó, yíyí i padà sí irú mìíràn bíi MP3 sì lè dín dídára ohùn kù.

Ìgbà yìí la wá lọ sórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ.

Ọmọ tó wà ní Manchester ti yan tirẹ̀. Ó rí láptọ́ọ̀pù tuntun kan tó ṣì wà nínú páálí, 4GB RAM (àyè tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́), 64GB ibi ìpamọ́, owó rẹ̀ kò sì ju ohun tó kù lọ́wọ́ wa lọ. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, n ò fẹ́ kí màmá mi máa lo tòkunbọ̀," ó sọ fún mi lórí fóònù. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni, n kò sì fojú kéré rẹ̀. Mo kàn ní kó jẹ́ ká wo inú ẹ̀rọ náà kí á gbàgbé páálí. 4GB RAM àti 64GB ni ohun tó kéré jù lọ tí Windows 11 lè gbà rárá. Windows fúnra rẹ̀ á jẹ ìdá tó pọ̀ nínú 64GB yẹn kí Màmá tó fi àwòrán kan sí i, ìgbàkígbà tí àtúnṣe Windows bá sì dé, á tún máa wá àyè. 88GB tí wọ́n ti ní nílẹ̀ kò lè wọ inú rẹ̀ láéláé. Èyí tó burú jù ni pé irú ìpamọ́ yẹn, eMMC ni wọ́n ń pè é, wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó ẹ̀rọ ni. Bí pátákó bá jóná, kò sí dísìkì tí èmi tàbí ẹlòmíràn máa yọ bí mo ṣe yọ ti àkọ́kọ́. RAM náà sábà máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà kò ní ṣeé fi kún lọ́jọ́ iwájú. Ó dákẹ́, ó wá ní: "Ó dáa, ẹ wá èyí tí ẹ lè fọwọ́ sọ̀yà fún."

Láptọ́ọ̀pù tí àwọn iléeṣẹ́ lókè òkun lò fún ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, tí wọ́n wá tà jáde, ni mo sábà máa ń wá fún ẹni tówó rẹ̀ kò pọ̀: Dell Latitude, HP EliteBook, Lenovo ThinkPad. Wọ́n ṣe ara wọn le, RAM àti SSD (dísìkì tí kò ní àwo tó ń yí) ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣeé pààrọ̀, kíbọ́ọ̀dù àti bátìrì wọn wà lọ́jà lọ́pọ̀ yanturu. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 14 oṣù October 2025 tí Microsoft ti dáwọ́ àtúnṣe ààbò Windows 10 dúró fún gbogbogbòò, ohun kan wà tí a kò lè fojú fò. Windows 11 ni ẹ̀rọ ilé nílò báyìí, ìran kẹjọ sókè sì ni Microsoft fọwọ́ sí lọ́dọ̀ àwọn Intel Core, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, àfi ìwọ̀nba díẹ̀. Nọ́ńbà náà kò ṣòroó kà: nínú i5-8350U, 8 tó tẹ̀ lé àmì (-) ni ìran rẹ̀. i5-6300U, ìran kẹfà nìyẹn. Ẹ má fi orúkọ tó wà lára ẹ̀rọ nìkan rà á, nítorí àwọn ẹ̀rọ kan jáde pẹ̀lú ìran keje àti ìkẹjọ lábẹ́ orúkọ kan náà. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ System, ẹ lọ sí About, kí ẹ fi ojú ara yín rí i.

Otigba, ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, la lọ. Màmá fúnra wọn bá wa lọ, pẹ̀lú ọmọọmọ wọn kan tó ń gbé báàgì. Ẹ̀rọ tó kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n lójú ń dán gbinrin, i7 ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, RAM rẹ̀ 16GB. Ọmọ tó ń tà á ní Windows 11 ti wà nínú rẹ̀, kí la tún ń wá? Lóòótọ́ ló wà níbẹ̀. i7-6600U ni ẹ̀rọ náà, ọ̀nà ẹ̀yìn ni wọ́n gbà fi Windows 11 sí i, Microsoft kò sì ṣèlérí àtúnṣe fún ẹ̀rọ tí wọ́n bá fi sí bẹ́ẹ̀. i7 ìran kẹfà kò ju i5 ìran kẹjọ lọ. Méjì ni ọkàn (core, apá tó ń ṣe iṣẹ́ nínú ọpọlọ ẹ̀rọ) ti àkọ́kọ́, mẹ́rin ni ti èkejì. Ìkejì tí wọ́n gbé jáde dára, àfi pé nígbà tí mo tẹ F2 bó ṣe ń tàn, ó béèrè páàsìwọ́ọ̀dù BIOS, ètò tó ń jí ẹ̀rọ kí Windows tó dé. Iléeṣẹ́ tó ni ín tẹ́lẹ̀ kò tíì yọ ọwọ́ lára rẹ̀ nìyẹn. Ẹ má rà á, bó ti wù kí wọ́n dín owó rẹ̀ tó.

Latitude 5490 kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ha la padà mú. i5-8350U, 8GB RAM, SSD 256GB. Màmá wo ẹ̀yìn tó ha, wọ́n wò mí. Mo ní kí wọ́n jókòó tì í. A ṣí Notepad, wọ́n sì tẹ gbogbo lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan látòkèdélẹ̀. A wo kámẹ́rà, a gbọ́ ohùn, a ki fláàṣì bọ gbogbo ojú USB. Fún bátìrì, mo tẹ àṣẹ Windows kan, powercfg /batteryreport: 68,000 mWh ni wọ́n ṣe é láti gbà, 47,600 mWh ló ṣì ń gbà, ìyẹn 70 nínú ọgọ́rùn-ún. Fún ẹ̀rọ ọjọ́ orí yẹn, ó dára. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń ta ẹ̀rọ sọ fún yín pé bátìrì rẹ̀ ń gba wákàtí márùn-ún. Nọ́ńbà méjèèjì yìí ni kó fi hàn yín. ₦290,000 ni ẹni tó ń tà á fún wa kọ́kọ́ pè é. Màmá ló ná an, olùkọ́ tó ti bá òbí ọmọ ṣe ìpàdé ní gbogbo ayé rẹ̀, ó sì já sí ₦255,000 pẹ̀lú rìsíìtì àti àdéhùn oṣù kan tí a ní kí wọ́n kọ sórí rìsíìtì náà.

Lọ́jọ́ tí mo ń tò ó fún wọn, mo fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sí i, ó wà nínú Windows fúnra rẹ̀. Orúkọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti wá ń ní àmì ohùn nínú ìwé ìpàdé báyìí, inú wọn sì dùn sí ìyẹn ju ẹ̀rọ lọ.

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ àtúnṣe máa ń dá iṣẹ́ dúró sí nìyí, tí n kò sì fara mọ́ ọn. Bí mo bá kó 88GB sínú ẹ̀rọ tuntun tí mo sì lọ, a ti dá wọn padà sínú ewu tí mo bá wọn nínú rẹ̀, ojú kan ṣoṣo. Ohun tí a ṣe ni pé ẹ̀dà mẹ́ta ló wà báyìí. Ọ̀kan nínú láptọ́ọ̀pù. Ọ̀kan lórí dísìkì 1TB, nínú àpótí tí ìwé ilẹ̀ wà. Ẹ̀kẹta wà nílé ọmọ wọn obìnrin ní Ìbàdàn, lórí dísìkì tí òun fúnra rẹ̀ ti ní, nítorí olè tó bá wọlé ní Ìbàrà á kó láptọ́ọ̀pù, á kó dísìkì pẹ̀lú, iná náà kì í yan èyí tó máa jó. Nígbàkígbà tó bá wá kí ìyá rẹ̀ ló ń gbé tirẹ̀ wá láti fi tuntun kún un.

Wọ́n béèrè pé ṣé kò sí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ni. Ó wà, ṣùgbọ́n 15GB ni Google ń fún èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́, lẹ́tà Gmail, àwòrán Google Photos àti Drive ló sì jọ ń pín in. Láti June 2021 ni àwòrán tuntun ti ń jẹ nínú rẹ̀. Dátà tí wọ́n máa fi gbé 88GB gòkè ńkọ́? Ohun tó kéré tó sì ṣe kókó la fi síbẹ̀: ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, sọ́fè, ìwé ìfẹ̀yìntì, ìwé ẹ̀rí ìbí àwọn ọmọ. Gbogbo rẹ̀ kò tó 1GB. Mo sì ṣàlàyé pé fódà tó bá ń bá Drive ṣọ̀kan fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìpamọ́ tó tó: ohun tí wọ́n bá ṣèèṣì parẹ́ nílé á parẹ́ lókè náà, inú ibi ìdàtì nìkan ló kù tí wọ́n ti lè wá a fún oṣù kan.

Fún dísìkì 1TB, File History tó wà nínú Windows ni mo lò. Ọjọ́ Àìkú, bí wọ́n bá ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, wọ́n á so dísìkì mọ́ ọn, á kó ohun tó bá yí padà, wọ́n á yọ ọ́. Yíyọ yẹn ni mo tẹnu mọ́ jù. Kòkòrò tó ń ti fáìlì èèyàn pa tó sì ń béèrè owó á ti ti dísìkì tó bá so mọ́ ẹ̀rọ pẹ̀lú, iná NEPA tó bá sì fò wọlé lójijì lè mú méjèèjì lọ.

Ọmọọmọ wọn ní fláàṣì "2TB" kan wà lójú títì tí owó rẹ̀ kéré jọjọ, kí ló dé tí a kò rà á? Ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ jẹ́ kékeré tí wọ́n ti parọ́ nọ́ńbà sí lára. Á gba gbogbo ohun tí ẹ bá fi sí i, orúkọ fáìlì á hàn, ṣùgbọ́n èyí tó bá kọjá ìwọ̀n gidi rẹ̀ kò ní ṣí. H2testw, ètò kọ̀ǹpútà kan, ni a fi ń tú àṣírí wọn.

Ohun kan tún wà tí kò sẹ́ni tó ń sọ fún olówó kékeré. Windows 11 lè fi kọ́kọ́rọ́ ti gbogbo dísìkì fúnra rẹ̀ bí ẹ bá fi àkọọ́lẹ̀ Microsoft wọlé. Ààbò ni lọ́wọ́ olè, ṣùgbọ́n bí pátákó bá bàjẹ́, nọ́ńbà gígùn kan tó ní dígíìtì 48 ló máa ṣí i, láìsí i, fáìlì ti lọ. Mo tẹ nọ́ńbà náà sórí ìwé fún wọn, ó sì wà nínú àpótí ìwé ilẹ̀ pẹ̀lú dísìkì.

Kí n tó kúrò, mo ní kí Màmá pa fódà àwòrán ìgbéyàwó kan rẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù. Wọn kò fẹ́. Mo ní kí wọ́n pa á rẹ́, kí wọ́n sì dá a padà láti orí dísìkì fúnra wọn, láìsí ọwọ́ mi níbẹ̀. Wọ́n so dísìkì mọ́ ọn, wọ́n ṣí File History, wọ́n wá ọjọ́ náà, wọ́n tẹ Restore. Àwòrán padà. Wọ́n tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i kó lè dá wọn lójú.

Dísìkì àtijọ́ ṣì wà lọ́wọ́ wọn, mo ní kí wọ́n má sọ ọ́ nù, nítorí àwọn tó ní yàrá iṣẹ́ fún irú rẹ̀ lè kà ju ohun tí èmi kà lọ. Owó rẹ̀ pọ̀, ọmọ tó wà ní Manchester ló ń wo ìyẹn. Ní tiwọn, ọmọ tó wà ní Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àwọn oríkì náà sílẹ̀ láti inú ohùn méjì tó pé, wọ́n sì ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n ọkọ Màmá obìnrin, tó mọ ìparí ẹ̀kẹta lórí, pé kó wá kì í sínú fóònù.